Owó Àjọ Tí Kò Ṣeé Pín

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Díẹ̀díẹ̀ náà ni owó àjọ fi ń pọ̀. Ẹni tí ó bá mọ Ojota, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, yóò mọ̀ pé ojú ọ̀nà Ìkòròdú ni ó wà, nítòsí Kétu àti ọjà Mile 12. Láti òwúrọ̀ kùtùkùtù ni àwọn ọkọ̀ ti máa ń kó èrò níbẹ̀, tí àwọn oníṣòwò náà sì máa ń pàtẹ ọjà wọn: ata, tòmátì, iṣu, ẹ̀wà, ọsàn, aṣọ àti bàtà. Láàárín irú àwọn oníṣòwò bẹ́ẹ̀ ni alájọ ti máa ń rìn, tòun ti ìwé rẹ̀ lọ́wọ́. Yóò gba owó lọ́wọ́ ẹni yìí, yóò fi àmì sí káàdì rẹ̀, yóò sì kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Nígbà tí oṣù bá parí, yóò yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ tirẹ̀, yóò sì kó ìyókù fún ẹni tí ó ni ín. Gbogbo èyí kò ṣàjèjì sí yín, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n inú owó àjọ yìí gan-an ni a ó ti yọ ẹ̀kọ́ ìṣirò kan tí ó jinlẹ̀ jáde.

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ọmọbìnrin kan tí ń lọ sí ilé-ìwé ní Ojota wá bá ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀ ata. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Màámi, mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí n dá àjọ. Náírà kan péré ni n ó dá ní ọjọ́ kìíní oṣù Agẹmọ. Ní ọjọ́ kejì, n ó dá náírà méjì. Ní ọjọ́ kẹta, náírà mẹ́rin. Ní ọjọ́ kẹrin, náírà mẹ́jọ. Lójoojúmọ́ ni n ó máa dá ìlọ́po méjì owó àná, títí oṣù yóò fi parí.” Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ mi, kí ni náírà kan lè rà lóde òní? Dá a bí o bá fẹ́. Ṣùgbọ́n kí o kọ́kọ́ jókòó ṣírò rẹ̀ kí o tó pe alájọ.” Ìmọ̀ràn àgbà ni ìyá yìí fún ọmọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a bá a ṣírò rẹ̀.

Bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀, a ó rí i pé ní ọjọ́ kọkànlá, owó tí ọmọ náà gbọ́dọ̀ mú wá jẹ́ ₦1,024. Ní ọjọ́ kọkànlélógún, ó ti di ₦1,048,576, èyí tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ. Nígbà tí yóò bá fi di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, tí í ṣe ọjọ́ ìkẹyìn oṣù Agẹmọ, owó ọjọ́ kan ṣoṣo ti di ₦1,073,741,824. Bí a bá wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ ìkẹyìn, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦2,147,483,647. Ó ju bílíọ̀nù méjì náírà lọ! Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tọ̀ yín wá pẹ̀lú ètò sogúndogójì, tí ó ní òun yóò máa sọ owó yín di ìlọ́po méjì lójoojúmọ́, ẹ rántí ìṣirò yìí, kí ẹ sì bi í léèrè ibi tí yóò ti rí owó náà.

Ọ̀nà kúkúrú kan wà tí a fi lè mọ àpapọ̀ owó yìí láìjẹ́ pé a rò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, owó tí ó wà lọ́wọ́ alájọ jẹ́ 3. Owó ọjọ́ kẹta sì jẹ́ 4. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, owó ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ 7. Owó ọjọ́ kẹrin sì jẹ́ 8. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ó jẹ́ 15. Owó ọjọ́ karùn-ún sì jẹ́ 16. Nígbà gbogbo ni àpapọ̀ owó tí a ti dá máa ń fi ọ̀kan dín sí owó tí a ó dá lọ́la. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún àwa Yorùbá, tí a máa ń pe 19 ní oókàndínlógún.

Nígbà tí ọmọ náà rí owó ńlá yìí, ọkàn rẹ̀ lọ sí bí òun yóò ṣe pín in, nítorí àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ó kọ́kọ́ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, fún bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ àti òun fúnra rẹ̀: náírà kan ṣẹ́kù. Ó pín in sí ọ̀nà méje: náírà kan ṣẹ́kù. Ó pín in sí ọ̀nà mọ́kànlá: náírà kan náà ni ó tún ṣẹ́kù. Ó pín in sí ọ̀nà mẹ́tàlá: náírà mẹ́wàá ṣẹ́kù. Iyekíye ènìyàn tí ó bá mú, owó náà kọ̀, kò pín dọ́gba. Kí ni ó fa èyí?

Kí a lè mọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a lọ sí ìsọ̀ ọlọ́sàn. Bí ọlọ́sàn bá ní ọsàn méjìlá, ó lè tò wọ́n sí ìlà mẹ́ta, kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní mẹ́rin. Ó sì lè tò wọ́n sí ìlà méjì, kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní mẹ́fà. Ṣùgbọ́n bí ọsàn rẹ̀ bá jẹ́ mẹ́tàlá, kò sí bí ó ṣe lè tò wọ́n sí ìlà tí ó dọ́gba, àfi kí ó tò gbogbo wọn sí ìlà kan gbọọrọ, tàbí kí ó fi wọ́n sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nọ́mbà tí ó bá rí bí mẹ́tàlá yìí, tí ó ju ọ̀kan lọ, tí kò sì sí nọ́mbà mìíràn tí ó lè pín in láìṣẹ́kù àfi ọ̀kan àti òun tìkára rẹ̀, ni àwọn olùkọ́ ìṣirò ń pè ní prime number lédè Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, nọ́mbà aláìṣeépín ni a ó máa pè é. Àwọn tí ó kéré jù nínú wọn ni 2, 3, 5, 7, 11, 13, 17, 19, 23, 29 àti 31. Ó ti ju 2,000 ọdún lọ tí Euclid, ará Gíríìkì, ti fi hàn pé wọn kò lópin: bí ó ti wù kí èyí tí a mọ̀ tóbi tó, òmíràn tí ó tóbi jù ú lọ wà níwájú.

Ohun ìyanu kan wà nínú èdè wa nípa àwọn nọ́mbà yìí, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fiyè sí. Ẹ pe orúkọ àwọn tí ó ju mẹ́wàá lọ, kí ẹ sì tẹ́tí sílẹ̀: mọ́kànlá, mẹ́tàlá, mẹ́tàdínlógún, mọ́kàndínlógún, mẹ́tàlélógún, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ǹjẹ́ ẹ rí i pé ọ̀kan tàbí ẹ̀ta ni ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ gbogbo wọn? Kì í ṣe èèṣì. Nínú òǹkà Yorùbá, a máa ń mú ogún, ọgbọ̀n, ogójì, àádọ́ta àti irú wọn gẹ́gẹ́ bí òpó, a ó wá fi díẹ̀ lé e, tàbí kí a yọ díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Méjì lè pín gbogbo àwọn òpó wọ̀nyí, márùn-ún sì lè pín wọn. Nítorí náà, bí a bá fi méjì tàbí mẹ́rin lé òpó, tàbí bí a bá yọ ọ́ kúrò, méjì yóò ṣì lè pín ohun tí a ní. Bí a bá sì yọ márùn-ún kúrò nínú òpó, márùn-ún yóò pín ìyókù. Kìkì ọ̀kan àti ẹ̀ta ni ó kù. Ẹni tí ó bá gbọ́ méjìlélógójì, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta tàbí márùndínlọ́gọ́rùn-ún, etí lásán ti tó láti fi mọ̀ pé wọ́n ṣeé pín.

Owó àjọ wa, 2,147,483,647, mẹ́tàdínláàádọ́ta ni ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ó ti yege nínú ìdánwò etí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra! Ìdánwò yìí lè lé àwọn kan jáde, kò lè jẹ́rìí fún àwọn tí ó kù. Mọ́kànlélógún fi ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ mẹ́ta àti méje lè pín in. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n fi ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ mẹ́sàn-án lè pín in. Ìrísí nìkan kò tó. Ó di dandan kí a wádìí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí iye ọjọ́ tí a fi dá àjọ, nítorí ibẹ̀ ni àṣírí náà wà. Ká ní ọjọ́ mẹ́fà ni a fi dá àjọ onílọ́po méjì yìí. Owó náà ni 1, 2, 4, 8, 16 àti 32. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 63. Ẹ so ọjọ́ náà pọ̀ ní méjì-méjì: 1 àti 2 jẹ́ 3, 4 àti 8 jẹ́ 12, 16 àti 32 jẹ́ 48. Mẹ́ta ni ó pín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, nítorí náà mẹ́ta yóò pín gbogbo rẹ̀. Ẹ tún so wọ́n pọ̀ ní mẹ́ta-mẹ́ta: 1, 2 àti 4 jẹ́ 7, 8, 16 àti 32 jẹ́ 56. Méje ni ó pín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, nítorí náà méje yóò pín gbogbo rẹ̀. A rí i báyìí pé bí iye ọjọ́ bá ti ṣeé pín, owó náà gbọ́dọ̀ ṣeé pín. Oṣù Okúdù ní ọgbọ̀n ọjọ́. Bí ọmọ wa bá dá àjọ rẹ̀ nínú oṣù náà, yóò kó ₦1,073,741,823 jọ, ènìyàn mẹ́ta, méje tàbí mọ́kànlélọ́gbọ̀n sì lè pín in láìjà.

Bí iye ọjọ́ bá jẹ́ nọ́mbà aláìṣeépín ńkọ́? Ẹ wo bí ó ti rí. Àjọ ọjọ́ méjì jẹ́ 3, ti ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ 7, ti ọjọ́ márùn-ún jẹ́ 31, ti ọjọ́ méje jẹ́ 127. Kò sí ọ̀kan tí ó ṣeé pín nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tí ó bá ń kánjú yóò sọ pé, “Mo ti mọ òfin rẹ̀! Bí ọjọ́ kò bá ti ṣeé pín, owó kò ní í ṣeé pín.” Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Àjọ ọjọ́ mọ́kànlá jẹ́ 2,047. Mọ́kànlá kò ṣeé pín, síbẹ̀ ènìyàn mẹ́tàlélógún lè pín 2,047, kí olúkúlùkù wọn gba 89. Òfin tí a rò pé a ti mọ̀ ti fọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Bákan náà ni ó rí pẹ̀lú oṣù Èrèlé. Nínú ọdún tí ó bá ní ọjọ́ 366, irú bí ọdún 2028, Èrèlé a máa ní ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Àjọ irú oṣù bẹ́ẹ̀ jẹ́ 536,870,911. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kò ṣeé pín, ṣùgbọ́n 233 pín owó náà, 1,103 pín in, 2,089 sì pín in.

Irú ìkánjú yìí ti mú àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá ṣìnà rí. Ní ọdún 1603, Pietro Cataldi, ará Bologna ní ilẹ̀ Ítálì, tẹ ìwé kan jáde. Ó fi hàn níbẹ̀ pé àjọ ọjọ́ 17 àti ti ọjọ́ 19 kò ṣeé pín. Òótọ́ ni ó sọ, nítorí pé ó ti dán an wò. Ṣùgbọ́n ó tún fi kún un pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọjọ́ 23, 29, 31 àti 37 rí. Ní ọdún 1640, Pierre de Fermat, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé ti 23 àti ti 37 ṣeé pín. Lẹ́yìn náà ni Leonhard Euler fi hàn pé ti 29 pẹ̀lú ṣeé pín. Nínú mẹ́rin tí Cataldi fi kún un, mẹ́ta ti ṣubú. Ó wá ku ọ̀kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀: 31, tí í ṣe owó àjọ ọmọ wa.

Euler, tí a bí ní ìlú Basel ní ilẹ̀ Switzerland ní ọdún 1707, ni ó yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ìlú St Petersburg ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni ó ń gbé nígbà náà, ojú rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Àmọ́ bí ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn tó, iyè inú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Ẹ wo bí ọgbọ́n ṣe dín iṣẹ́ kù fún un.

Àkọ́kọ́, kò sí ìdí láti fi gbogbo nọ́mbà dán an wò. Bí nọ́mbà kan bá ṣeé pín, méjì-méjì ni àwọn tí ó pín in máa ń rìn, bí 3 àti 12 ṣe pín 36. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kò lè ju 6 lọ, nítorí pé 6 lọ́nà 6 ni 36. Bákan náà, 46,341 lọ́nà 46,341 ti ju owó àjọ wa lọ. Nítorí náà, bí kò bá sí ohun tí ó pín in láti 2 dé 46,340, kò sí ohun tí yóò pín in mọ́.

Ẹ̀ẹ̀kejì, Fermat ti ṣàkíyèsí pé bí iye ọjọ́ bá jẹ́ nọ́mbà aláìṣeépín tí ó ju méjì lọ, ohunkóhun tí yóò bá pín owó náà gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ku ọ̀kan nígbà tí a bá fi ìlọ́po méjì iye ọjọ́ pín in. Ẹ wo ọjọ́ mọ́kànlá: ìlọ́po méjì rẹ̀ ni 22. 23 jẹ́ 22 àti ọ̀kan. 89 jẹ́ 88 àti ọ̀kan. Fún ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni 62. Nítorí náà, 63, 125, 187, 249, 311 àti àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn nìkan ni ó kù láti dán wò. Láti orí ẹgbẹẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínláàádọ́ta, iṣẹ́ ti dín kù sí 747.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ohun tí yóò bá pín irú owó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ku 1 tàbí 7 nígbà tí a bá fi 8 pín in. Èyí tún gé iṣẹ́ náà sí ìdajì, ó ku 373 péré. Nínú àwọn yìí náà, èyí tí ó bá ti ṣeé pín fúnra rẹ̀, irú bí 63, kò yẹ ní dídánwò. Euler fi àwọn tí ó kù pín in. Kò sí ọ̀kan tí ó pín in láìṣẹ́kù. Nínú lẹ́tà kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1772, ó kéde pé 2,147,483,647 jẹ́ nọ́mbà aláìṣeépín. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tí ó mọ èyí tí ó tóbi jù ú lọ. Cataldi ti sọ ọ́ ní ọdún 1603, ó sì bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn sọ ohun tí ó bọ́ sí òótọ́, ọ̀tọ̀ ni kí ó mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ọmọ Ojota wa ńkọ́? Ṣé owó rẹ̀ yóò wà bẹ́ẹ̀ láìpín? Ẹ rántí pé alájọ a máa yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ká ní ti ọjọ́ kìíní ni ó yọ, náírà kan péré ni. Ó ku ₦2,147,483,646. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, owó tí ó ti le bí àpáta di ohun tí ó rọ̀! Ènìyàn méjì lè pín in, mẹ́ta lè pín in, méje, mẹ́sàn-án, mọ́kànlá, títí kan mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Bí a bá pín in fún ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n, olúkúlùkù yóò gba ₦69,273,666 géérégé. Náírà kan tí ó ń ṣẹ́kù nígbà tí ọmọ náà pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, méje àti mọ́kànlá, náírà alájọ ni.

Ìwà mìíràn tún wà lára nọ́mbà yìí. Euclid tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni ó kọ́ wa pé bí àpapọ̀ àjọ onílọ́po méjì bá jẹ́ aláìṣeépín, kí a sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú owó ọjọ́ ìkẹyìn, nọ́mbà pípé ni yóò jáde. Nọ́mbà pípé ni èyí tí ó jẹ́ pé bí a bá ro gbogbo àwọn tí ó pín in pọ̀, yàtọ̀ sí òun tìkára rẹ̀, òun náà ni a ó rí. Àjọ ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ 7, owó ọjọ́ ìkẹyìn jẹ́ 4. 4 lọ́nà 7 jẹ́ 28. Àwọn tí ó pín 28 ni 1, 2, 4, 7 àti 14. Ẹ rò wọ́n pọ̀, ẹ ó rí 28. Láti inú àjọ ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, nọ́mbà pípé tí ó jáde ni 2,305,843,008,139,952,128. Ní ọdún 1811, Peter Barlow, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé pé èyí ni nọ́mbà pípé tí ó tóbi jù lọ tí a ó rí láéláé, nítorí pé wọ́n dùn ún wò lásán ni, wọn kò wúlò, kò sì dàbí ẹni pé ẹnikẹ́ni yóò tún yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti wá òmíràn.

Barlow ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ní ọdún 1876, Édouard Lucas, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé àjọ ọjọ́ 127 kò ṣeé pín, nọ́mbà pípé tirẹ̀ sì tóbi ju ti Euler lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ní ti pé wọn kò wúlò, ẹ gbọ́ bí ó ti rí lónìí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni ó máa ń fi àyè 32 kọ nọ́mbà kan sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àyè náà wà fún àmì tí yóò fi hàn bóyá nọ́mbà ọ̀hún jẹ́ gbèsè tàbí ohun tí a ní. Àyè 31 ni ó kù: èkíní dúró fún 1, èkejì fún 2, ẹ̀kẹta fún 4, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ ní ìlọ́po méjì. Àjọ ọmọ Ojota ni eléyìí láìṣẹ́ láìyẹ̀! Nítorí náà, 2,147,483,647 ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè kà mọ. Ní ọdún 2014, YouTube kéde pé iye ìgbà tí a ti wo orin Gangnam Style, ti olórin Psy ọmọ ilẹ̀ Kòríà, ti kọjá nọ́mbà yìí, àti pé àwọn ti fẹ àyè òǹkà àwọn. Bákan náà, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ni ó ń fi ìṣẹ́jú-àáyá tí ó ti kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 mọ ìgbà tí a wà. Àwọn tí ó bá ṣì ń lo àyè 32 yóò ka òǹkà wọn tán ní ọjọ́ 19 oṣù kìíní ọdún 2038, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ní òwúrọ̀, ní àkókò ti Nàìjíríà. Bí a kò bá tún wọn ṣe kí ó tó di ọjọ́ náà, wọn yóò ṣi ọjọ́ kà.

Àwọn nọ́mbà aláìṣeépín tí ó tóbi ju èyí lọ fíìfíì tún ń ṣọ́ owó wa. Ó rọrùn láti sọ 23 di púpọ̀ pẹ̀lú 89, kí a rí 2,047. Ṣùgbọ́n bí a bá fún ẹnìkan ní 2,047, tí a ní kí ó wá àwọn tí ó bí i, yóò làágùn díẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún òǹkà nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kò tíì sí ọ̀nà tí a mọ̀ tí kọ̀ǹpútà òde òní lè fi tètè yà wọ́n. Orí ìyàtọ̀ yìí ni Ron Rivest, Adi Shamir àti Leonard Adleman ti gbé àgádágodo aláìfojúrí kan kalẹ̀ ní ọdún 1977. Irú àgádágodo bẹ́ẹ̀ ti ṣọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ àṣírí àti owó tí ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá láti ìgbà náà. Nígbà tí oníbàárà bá dúró ní ìsọ̀ ata, tí ó fi fóònù sanwó, ìmọ̀ nípa nọ́mbà aláìṣeépín lè wà lára ohun tí ó ń bá a ṣọ́nà.

Ìwádìí kò sì tíì dópin. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, Luke Durant, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, rí nọ́mbà aláìṣeépín tí ó tóbi ju gbogbo èyí tí a ti mọ̀ ṣáájú rẹ̀ lọ. Òun náà jẹ́ àpapọ̀ àjọ onílọ́po méjì, ṣùgbọ́n àjọ ọjọ́ 136,279,841 ni. Ẹni tí yóò bá dá irú àjọ bẹ́ẹ̀ yóò lò ju 373,000 ọdún lọ lẹ́nu rẹ̀, òǹkà tí ó sì wà nínú àpapọ̀ owó náà jẹ́ 41,024,320.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ méjì ni kí ẹ mú lọ sílé. Èkíní ni pé ohun ńlá lè fara pamọ́ sínú ohun kékeré: náírà kan ṣoṣo ni ọmọ Ojota fi bẹ̀rẹ̀. Èkejì, tí ó jù ú lọ, ni pé kí ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ gbọ́ nítorí pé ó ti ṣẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, tàbí nítorí pé ọ̀mọ̀wé ni ó sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni òfin àjọ wa ṣẹ kí ó tó fọ́ ní ọjọ́ kọkànlá. Ẹ ṣe bí ìyá tí ń ta ata ti wí: ẹ kọ́kọ́ jókòó, kí ẹ ṣírò rẹ̀.

ÌDÁNRAWÒ

1. Ṣírò àpapọ̀ àjọ onílọ́po méjì fún ọjọ́ mẹ́jọ. Dárúkọ nọ́mbà mẹ́ta tí ó lè pín in.

2. Kí ni ìdí tí orúkọ nọ́mbà aláìṣeépín tí ó bá ju mẹ́wàá lọ fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kan tàbí ẹ̀ta ní èdè Yorùbá? Dárúkọ nọ́mbà méjì tí ó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tí ó ṣeé pín.

3. Fi hàn pé 233 ṣẹ́ ku ọ̀kan nígbà tí a bá fi 58 pín in. Báwo ni èyí ṣe bá ọ̀rọ̀ Fermat mu?

4. Àjọ ọjọ́ márùn-ún jẹ́ 31. Wá nọ́mbà pípé tí ó ń ti inú rẹ̀ jáde, kí o sì fi ẹ̀rí hàn pé ó pé.

5. “Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn sọ ohun tí ó bọ́ sí òótọ́, ọ̀tọ̀ ni kí ó mọ̀ pé òótọ́ ni.” Kọ àròkọ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí o sì mú àpẹẹrẹ wá láti inú ọjà tàbí àdúgbò rẹ.